Ọjọ́ Tí Thurl Rasnick Dìde Dúró

Delphia Rasnick kì í pẹ́ níta. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ èédú nísàlẹ̀ òkè, eré ló máa ń sá bọ̀ wálé. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ dàgbà á pè é pé, “Delphie, dúró ká sọ̀rọ̀ ná,” òun á kàn juwọ́ sí wọn, á sì máa lọ. Kì í ṣe ìgbéraga. Ọkọ rẹ̀ ló wà lórí ìdùbúlẹ̀ nílé, tí kò bá sì tètè yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di egbò.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí Amẹ́ríkà wọ ogun ni òrùlé ihò èédú ya lu Thurl ní Pigeon Fork. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ fi ọwọ́ lásán wú òkúta kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e jáde, ó ń sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ń bú wọn pé wọ́n ń wọ́ òun bí àpò ọ̀dùnkún, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan mọ́. Dókítà ilé-iṣẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó mi orí, ó ní kí Delphia máa gbé e lọ sílé. Ilé ọ̀hún gan-an sì rèé, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ kò lè gbé ibẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí wọ́n kó jáde. Wọ́n gun òkè lọ sí ilé onípákó tí bàbá Delphia fi sílẹ̀ kó tó kú, ibẹ̀ ni Delphia sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ àwọn èèyàn fún owó, kí wọ́n lè máa rí nǹkan jẹ. Wọn ò tíì bímọ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́.

Thurl kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń dákẹ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń lọ aṣọ, òun á máa ka ìwé ìròyìn fún un láti orí bẹ́ẹ̀dì, á máa fi àwọn olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́.

“Wò mí lónìí,” á wí. “Ilé ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, arẹwà obìnrin tó ń wẹ̀ mí láàárọ̀ lálẹ́. Ọba wo ló jù mí lọ?”

“Ọba tó lè fọ abọ́ tó bá jẹun tán,” Delphia á dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ burúkú wà pẹ̀lú. Ọjọ́ á mọ́, Thurl á kọjú sí ògiri, kò ní sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ kan wà tó gbé abọ́ ẹ̀wà sọ mọ́ ara pákó, tó wá ń sunkún nítorí pé Delphia ló máa nù ún. Ọjọ́ kan sì wà tó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ sún mọ́ òun. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Delphia gbé ìbọn náà lọ sí ìlú, ó tà á, kò sì bá a sọ ọ́ rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1946, tí ogun ti parí, àwọn awakùsà da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní kì í ṣe owó oṣù nìkan ni àwọn ń bèèrè, àwọn fẹ́ kí ẹnì kan máa tọ́jú àwọn tó bá ṣèṣe. Àwọn tó ni ihò èédú kọ̀ jálẹ̀. Iná ń kú ní àwọn ìlú ńlá, ọkọ̀ ojú irin ń dúró. Ni Ààrẹ Truman bá ní kí ìjọba gba gbogbo ihò èédú náà sábẹ́ àkóso ara rẹ̀, bíi ti ìgbà ogun.

Láàárọ̀ tí wọ́n ta àsíá ìjọba sókè nísàlẹ̀ òkè, Thurl gbọ́ ariwo àwọn èèyàn.

“Gbé mi dìde díẹ̀, Delphie. Mo fẹ́ rí i.”

Delphia fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi tó fèrèsé. Àsíá náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè ilé ńlá tí wọ́n ti ń ya èédú sọ́tọ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” Thurl ní. “Èmi náà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba.”

“Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò yọjú síbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà.”

“Báyìí náà ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe!”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìrọ̀rí fi yẹ̀, tí Thurl sì ṣubú lé Delphia léjìká. Delphia dì í mú síbẹ̀, kò jẹ́ kó lọ fún ìgbà díẹ̀.

Nílé Ààrẹ gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn náà, pé lórí gbogbo tọ́ọ̀nù èédú tí wọ́n bá wà, owó díẹ̀ á máa bọ́ sínú àpò kan fún ìtọ́jú àwọn aláìsàn inú ẹgbẹ́ awakùsà, àwọn opó àti àwọn arúgbó. Wọ́n jó ní Pigeon Fork lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ayé ìṣèlú kì í yára. Ọ̀ràn dé kóòtù, àwọn aṣòfin tó kórìíra ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe òfin tuntun láti ká wọn lọ́wọ́ kò, Ààrẹ kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ìbò borí rẹ̀. Thurl ka gbogbo rẹ̀ fún Delphia láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Aládùúgbò wọn tó sún mọ́ wọn jù ni Àǹtí Icy Vanover, obìnrin tínínrín kan tó ti ń hewú. Burchell ọkọ tirẹ̀ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn rẹ̀ kán nínú ihò kékeré kan tí bàbá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń wà lẹ́yìn òkè, níbi tí ẹgbẹ́ awakùsà ò dé. Àwọn obìnrin méjèèjì a máa yá ara wọn ní ọṣẹ, a sì máa kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ọkùnrin wúwo láìjẹ́ kí ìbàdí obìnrin kán.

Nígbà ìrúwé ọdún 1948 ni àwọn tó ń ṣàkóso àpò owó náà dé. Dókítà méjì ló gun òkè wá, ẹrẹ̀ bò wọ́n dé orúnkún. Wọ́n yẹ Thurl wò, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn kan wà ní California, lẹ́bàá òkun lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú rẹ̀ láti jókòó, láti dúró, nígbà míì láti rìn. Àpò owó náà á san gbogbo rẹ̀.

“Burchell Vanover ńkọ́?” ni Delphia bèèrè. “Ilé kẹta sí wa.”

Dókítà tó dàgbà jù nínú wọn wolẹ̀. “Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Kò sí ohun tí a lè ṣe, màdáámù. Tí òfin ìtọ́jú aláìsàn tí Ààrẹ fẹ́ ṣe fún gbogbo ará ìlú bá kọjá, ọ̀ràn rẹ̀ á yàtọ̀. Nísinsìnyí, kò sí.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé Thurl, ẹnu ọ̀nà há jù fún ibùsùn tí wọ́n fẹ́ fi gbé e, ojú fèrèsé ni wọ́n gbé e gbà jáde. Ọkùnrin mẹ́fà gbé e sọ̀ kalẹ̀ òkè. Oòrùn bọ́ sí i lójú, ó sì fi apá bojú bí ọmọ tuntun. Delphia di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú títí dé ibùdókọ̀ ojú irin.

“Màá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn bọ̀,” Thurl sọ fún un. “Ṣé o gbọ́? Màá fi ẹsẹ̀ ara mi wọlé wá bá ọ.”

“Kàn wá ṣá,” ni Delphia wí. “Bó o bá fẹ́, máa yí bí àgbá bọ̀.”

Nígbà tó padà dé ilé, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ìròyìn ń wá. Thurl ti jókòó. Thurl ti ń gbé ara rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Wọ́n ti fi irin dè é lẹ́sẹ̀, ó sì dúró láàárín ọ̀pá méjì. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe. Bí ara rẹ̀ ṣe ń le sí i ni ọ̀rọ̀ tó ń fi ránṣẹ́ ń kúrú sí i, ṣùgbọ́n Delphia ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ni.

Láàárín ìgbà yẹn ni Garland Sizemore wá bá a. Akọ̀wé ẹgbẹ́ awakùsà ni, ó sanra, kò sì sígbà tí kò làágùn. Ìbò Ààrẹ ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá. Gbogbo ìwé ìròyìn ló ń sọ pé Truman ti fìdí rẹmi kí wọ́n tó dìbò.

“Delphia, wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé,” Sizemore ní.

“Èmi kẹ̀? Kí ni mo mọ̀ nínú ìṣèlú?”

“Má sọ ti ìṣèlú. Sọ ti Thurl. Ààrẹ ní kí gbogbo ará ìlú máa dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ, kí ẹni tó bá ṣàìsàn lè rí dókítà láìta ilé rẹ̀. Wọ́n ń pariwo pé ìwà Kọ́múníìsì ni. Ìwọ lo mọ ohun tó jẹ́.”

Ó kọ̀. Àǹtí Icy ló wá bá a.

“Lọ, ọmọ mi. Bí èmi bá dúró lórí pèpéle, ẹkún ni màá kàn máa sun. Lọ bá mi sọ ọ́. Lọ bá Burchell sọ ọ́.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, nínú ilé ẹ̀kọ́ Pigeon Fork, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ó sọ bó ṣe ń yí ọkọ rẹ̀ padà, ó sọ bí egbò ṣe ń rùn, ó sọ bí ọkùnrin tó lè gbé ìbaaka nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ń tọrọ omi. Lẹ́yìn náà wọ́n ń gbé e káàkiri nínú mọ́tò Sizemore, láti ìlú èédú kan dé òmíràn. Níwájú kóòtù ìlú, ọkùnrin kan tó wọ fìlà funfun pariwo mọ́ ọn.

“Ṣé Rọ́ṣíà lẹ fẹ́ sọ ibí dà ni?”

“Ọ̀gbẹ́ni, mi ò mọ ọ̀nà Rọ́ṣíà,” Delphia dá a lóhùn. “Ẹ̀yìn ilé mi ni mo mọ̀, níbi tí mo ti fi ọdún mẹ́jọ fọ aṣọ tí ọkọ mi yàgbẹ́ sí. Ṣé ẹ fẹ́ wá bá mi fún un gbẹ?”

Ẹ̀rín bú gbàgà láàárín èrò. Ọkùnrin náà tẹ fìlà rẹ̀ wálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀. Á ní, “Láìpẹ́, ọkọ mi á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé wá bá mi. Mo fẹ́ kí obìnrin kọ̀ọ̀kan níbí náà rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ìyẹn ló jẹ́ kí Sizemore ṣètò pé kí Thurl padà dé ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìbò. Wọ́n á jọ dúró lórí pèpéle ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ ni Delphia fi palẹ̀ mọ́. Ó jó tìmùtìmù àtijọ́ lẹ́yìn ilé. Ó fa bẹ́ẹ̀dì ńlá tó jẹ́ ti àwọn òbí rẹ̀ jáde, ó tẹ́ aṣọ funfun sí i. Ó se ẹ̀wà, ó yan búrẹ́dì àgbàdo, ó to àkàrà òyìnbó lórí ara wọn, ó fi ápù gbígbẹ sáàárín wọn bí Thurl ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó fọ irun rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì rí i pé òun ti darúgbó díẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin dúró. Thurl fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ kan, ó sinmi, ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ̀wù àwọ̀lékè tuntun ló wọ̀. Oòrùn California ti pa ojú rẹ̀, ó pọ́n bí ẹni tó ti ibi ayẹyẹ bọ̀. Delphia ti gbàgbé pé ọkọ òun ga. Láti ọdún mẹ́jọ, òun ló ń wò ó nísàlẹ̀. Báyìí ó ní láti gbójú sókè kó tó rí ojú rẹ̀, ó sì ń tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe bí ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ sọ́nà.

“Delphie,” Thurl ní.

“O fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn,” ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Sizemore fi mọ́tò gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè, Thurl sì gun ìyókù fúnra rẹ̀. Ó níwà pẹ̀lẹ́, ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó dúpẹ́ nígbà tí Delphia ṣílẹ̀kùn fún un, ó dúpẹ́ nígbà tó fa àga fún un. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà.

“Wá wo yàrá,” Delphia ní. “Wá wo ohun tí mo ṣe síbẹ̀.”

Thurl dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì dúró.

“Mi ò lè wọ ibẹ̀.”

“Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Mo ti jó tìmùtìmù yẹn.”

“Mo rí i. Mi ò lè wọ ibẹ̀, Delphie.”

Ó padà sídìí tábìlì, ó jókòó, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ dún kọ̀. Ó wo àkàrà òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé.

“Mi ò wá láti dúró,” ó ní.

Delphia rò pé ó yé òun. “Ṣé ìtọ́jú ò tíì parí ni? Kò burú. O ṣì máa padà lọ. Títí dìgbà wo?”

“Ìtọ́jú ti parí.”

Níta, ajá àwọn Vanover ń gbó mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí Delphia fi máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìwọ lo jẹ́ kí n wà láàyè. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti di ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí pèpéle.” Ó nu ojú. “Tí mo bá wò ọ́, ara mi ni mò ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ìwọ lo ń nùdí fún mi bí ọmọ ọwọ́. Ọdún mẹ́jọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà di ọkọ rẹ?”

“O ò fìgbà kan ṣíwọ́.”

“Lójú tìrẹ ni. Lójú tèmi, mo ti ṣíwọ́ tipẹ́.”

“Màá bá ọ lọ, tó bá jẹ́ ilé yìí ni. Mo lè fọ aṣọ ní California. Aṣọ wọn ń dọ̀tí níbẹ̀ náà, àbí kò ń dọ̀tí?”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Thurl, àmọ́ omi ló dà lójú rẹ̀. Ó mi orí. Delphia wá mọ̀.

“Ta ni?”

“Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Orí ọ̀pá ló ti kọ́kọ́ rí mi. Kò mọ Thurl tó dùbúlẹ̀.”

“Èmi ni mo mọ̀ ọ́n,” Delphia ní. “Mo mọ èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, tó ń jó títí bàtà fi ń já. Mo sì ti rí èyí tó jókòó síbí yìí. Mo mọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Thurl. Obìnrin yẹn mọ ẹyọ kan.”

Thurl ń tún irin ẹsẹ̀ rẹ̀ tò.

“Kí lo tún wá ṣe?” Delphia bèèrè. “O ò bá kúkú dúró síbẹ̀.”

“Mo rò pé ó yẹ kí o rí i. Kí o rí mi tí mo dúró. Ohun tí o ṣiṣẹ́ fún ni.”

Delphia dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Ó fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ gba ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó jù ú sísàlẹ̀ òkè, kí Thurl jókòó síbẹ̀ títí láé, kí òun máa bu oúnjẹ fún un. Ìrònú náà dẹ́rù bà á débi pé ó fi abọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohùn Àǹtí Icy dún láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Delphie! Thurl! Ṣé ẹ ti ṣetán? Burchell ní kí n wo ẹsẹ̀ Thurl dáadáa o, kí n wá ròyìn fún òun! Ó ní kí n wò bóyá irin ni wọ́n fi ṣe é tàbí igi!”

Delphia yọjú láti fèrèsé. Àǹtí Icy wọ aṣọ kan ṣoṣo tó ní fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi òdòdó bébà sórí fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

“À ń bọ̀, ma,” Delphia ní. Ó kọjú sí Thurl. “Wẹ ojú rẹ. Ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

“Delphie, kò pọn dandan kí o…”

“Wẹ ojú rẹ.”

Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún dé ojú fèrèsé. Nígbà tí Thurl gun àtẹ̀gùn pèpéle fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, kò sẹ́ni tó mí. Nígbà tó yíjú sí wọn, ariwo sọ, àwọn ọkùnrin tí èédú ti wọ̀ lára ń fi fìlà nu ojú. Sizemore ń sunkún ní gbangba, ó ń làágùn pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó pe Delphia.

Ó sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Bí òrùlé ṣe ya. Bí wọ́n ṣe kó wọn jáde nílé. Egbò. Omi. Dókítà méjì nínú ẹrẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mọ ọ̀nà, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ó wá dé ibi tó ti máa ń parí ọ̀rọ̀, ó sì dúró. Sizemore rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí rẹ̀. Níwájú pátápátá, Àǹtí Icy ti ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

“Àwọn tó ń ta ko Ààrẹ ní kò ṣeé ṣe,” Delphia ní. “Wọ́n ní kò sí nǹkan tí ìjọba lè ṣe fún irú wa.” Ó na ọwọ́ sí Thurl láìwò ó. “Ẹ wò ó. Ó dúró.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀, gbọ̀ngàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ dì mọ́ra!” àwọn yòókù sì gbà á: “Ẹ dì mọ́ra! Ẹ dì mọ́ra!” Thurl ò lè gbé apá kúrò lórí ọ̀pá, Delphia ló ní láti sún mọ́ ọn. Ó dì mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn ọṣẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ lára ẹ̀wù náà.

“Má bínú,” Thurl ní létí rẹ̀.

“Rẹ́rìn-ín,” Delphia dá a lóhùn. “Wọ́n ń wò ọ́.”

Ilé Sizemore ni Thurl sùn. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Àìkú ló bá lọ, wọ́n sì sọ fún àwọn èèyàn pé ó padà lọ parí ìtọ́jú. Delphia ò sin ín. Ó gé àkàrà òyìnbó náà, ó pín in yí àdúgbò ká.

Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè ó lọ dìbò, ó dì í fún Ààrẹ, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Icy sáré wá láìwọ bàtà.

“Ó wọlé! Delphie, Truman wọlé! Gbogbo àwọn oníwèé ìròyìn, ojú tì wọ́n!” Ó di Delphia lọ́wọ́ mú, ó ń fi í jó yípo láàárín aṣọ tútù tó wà lórí okùn. “Burchell ti ní kí n fá irùngbọ̀n òun. Ó ní àwọn dókítà lè dé nígbàkúùgbà báyìí.”

Delphia bá a jó.

Àwọn dókítà ò dé. Ààrẹ gbé òfin náà lọ síwájú àwọn aṣòfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà ńlá ná owó rẹpẹtẹ láti bà á jẹ́. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ara ògiri ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, wọ́n ní ìjọba fẹ́ sọ gbogbo èèyàn di ẹrú. Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọn ò mẹ́nu kàn án mọ́. Burchell Vanover ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè títí àìsàn kíndìnrín fi pa á ní oṣù kejì ọdún 1950.

Nígbà tí wọ́n sìnkú rẹ̀ tán, Àǹtí Icy bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

“Thurl ò bọ̀ mọ́, àbí?”

“Kò bọ̀ mọ́, ma.”

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Kí ẹ tó wá pè wá lọ sí ìpàdé lọ́jọ́sí.”

Àǹtí Icy wò ó, ó wò ó. “O sì dìde lọ síbẹ̀,” ó ní. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà ìrúwé ọdún yẹn, Thurl ránṣẹ́ bẹ Delphia pé kó tú òun sílẹ̀, kí òun lè gbé obìnrin yẹn níyàwó. Àǹtí Icy ló bá a lọ sí kóòtù. Adájọ́ náà ti darúgbó, kò ní ìkanra, etí rẹ̀ ò sì já gaara mọ́.

“Kí ni ẹ̀sùn rẹ sí ọkọ rẹ, màdáámù? Ṣé ó ń lù ọ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé ó ń mutí?”

“Rárá, sà.”

“Kí ló wá ṣe?”

Delphia ronú. Ó fẹ́ sọ òótọ́, torí ó ti fi Bíbélì búra. “Ara rẹ̀ yá, sà,” ó ní.

Adájọ́ gbé ọwọ́ sétí. “Ó ṣe kí ni?”

“Ara rẹ̀ yá.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Adájọ́ wo àkọsílẹ̀, ó wo Delphia, ó sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ́ pé ọkọ ti kọ ilé sílẹ̀. Kò gbà wọ́n lásìkò. Nígbà tí wọ́n jáde síta, òjò ti ń rọ̀, àwọn èèyàn ń sáré wọ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Delphia ò sáré. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù nínú òjò náà, ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo ayé, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ jáde nínú ihò èédú. Àǹtí Icy jókòó tì í, ó fi ẹ̀wù àwọ̀lékè ara rẹ̀ bò ó lórí, kò sì sọ fún un pé kó dákẹ́.